Ìtọ́jú Katakata àti Bátìrì Rẹ̀ ní Àkókò Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìwó àti ní agbègbè rẹ̀, láti Telemu dé Kúta, láti Ilé-Ogbó dé Ògbàágbàá, pẹ̀lú ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ dá owó jọ tí ẹ fi ra ẹ̀rọ katakata, ẹ̀yin ni a kọ ìwé pélébé yìí fún.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ a máa gbó ẹ̀rọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ni pé ìsinmi pẹ̀lú a máa bà á jẹ́, bí a kò bá tọ́jú ẹ̀rọ náà kí ó tó lọ sinmi àti nígbà tí ó bá ń sinmi lọ́wọ́. Ní agbègbè wa yìí, nígbà tí a bá ti kọ ebè ẹ̀gẹ́ tán ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, katakata kò tún ní iṣẹ́ gidi kan títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀ ní oṣù kẹta ọdún tí ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn. Láàrin àkókò náà, abẹ́ igi máńgòrò ni à ń gbé ẹ̀rọ olówó ńlá sí, tí adìẹ yóò máa sùn lórí ìjókòó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní wò ó mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò sáré tọ katakata lọ lọ́jọ́ kan náà. Dẹ́rẹ́bà yóò yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ yóò dún “tin” lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́. Wọn yóò tì í títí, òógùn yóò bò wọ́n. Akápò yóò sọ pé kò sí owó bátìrì nínú àpò ẹgbẹ́, nítorí pé a kò tíì ṣiṣẹ́ kankan lọ́dún náà. Kí a tó rí owó, kí a tó ra òmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti lọ. Ẹni tí ó sì pẹ́ gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ mọ̀ pé nígbà tí tirẹ̀ bá gbó, àgbàdo tútù ti kún ọjà Odòorí dé ẹnu, iye tí òun ì bá tà á kò sí mọ́. Ìjà inú ẹgbẹ́ a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

A ó sọ̀rọ̀ nípa bátìrì ní kíkún, nítorí pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ kú, tí a sì máa ń rò pé ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ rẹ̀ kò pé. Ebi ni ó pa á.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ BÁTÌRÌ

Láti 1859 tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Àwọn àwo òjé ni ó tò sínú rẹ̀, ásíìdì tí a fi imí ọjọ́ ṣe ni ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá ń fún wa ní iná, imí ọjọ́ inú ásíìdì a máa lọ lẹ̀ mọ́ ara àwo òjé, ásíìdì náà a sì máa dà bí omi lásán. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, imí ọjọ́ náà yóò kúrò lára àwo, yóò padà sínú omi, ásíìdì yóò sì tún le.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkòkò ọkà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyàwó ilé bá ro ọkà tán tí ó fọ ìkòkò lójú ẹsẹ̀, omi díẹ̀ ni yóò fi ṣí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kan, yóò gan bí òkúta, ó sì lè máà ṣí mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun funfun tí ń lẹ̀ mọ́ àwo òjé. Bí a bá tètè ṣáàjì bátìrì, yóò yọ́ kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún oṣù púpọ̀, yóò le koko, yóò bo ojú àwo, kò sì sí ṣáàjì tí yóò ṣí i tán mọ́. Bátìrì tí rẹ́wáyà sọ pé “kò gba iná” fún yín, ohun tí ó ṣe é nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ ó sọ pé: “Ṣùgbọ́n a kò lò ó, báwo ni ó ṣe di òfìfo?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí bátìrì tí kì í jò. Bí omi ṣe ń là gba ara ìkòkò amọ̀ jáde láìsí ihò, bẹ́ẹ̀ ni iná inú bátìrì ń dín kù fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ooru sì ni ó ń mú kí ó yá. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ròkè lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, jíjò náà yóò tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bátìrì tí ó ti lò díẹ̀ lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ láàrin oṣù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta: ìdajì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò kún nígbà tí ẹ gbé e sílẹ̀, tàbí pé wáyà rẹ̀ ṣì wà lórí katakata tí iná kékeré kan ń fà á, òfìfo ni ẹ ó bá.

Ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ìdajì ọdún, wọ́n ní ọkọ̀ kékeré kan tí ń sáré lórí yìnyín. Ski-Doo ni iléeṣẹ́ Bombardier pè é nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1959. Nígbà tí oòrùn bá mú, ọkọ̀ náà kò wúlò mọ́, wọn yóò yọ bátìrì rẹ̀, wọn yóò sì gbé e wọlé bí a ti ń gbé ọmọ wọlé. Àwọn tí wọ́n wà nínú òtútù ń ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni òtútù kì í jẹ́ kí bátìrì jò kíákíá. Àwa tí a wà nínú ooru ni ó yẹ kí a ṣe jù wọ́n lọ.

BÍ A TI Ń YỌ BÁTÌRÌ ÀTI IBI TÍ A Ń GBÉ E SÍ

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ọdún bá parí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó yọ bátìrì. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Orí méjì ni bátìrì ní: ọ̀kan ní àmì àròpọ̀ (+), èkejì ní àmì àyọkúrò (−). Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata tí a ń lò nísinsìnyí, orí àyọkúrò ni a so mọ́ irin ara ẹ̀rọ. Nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú ti àròpọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú ti àròpọ̀, tí sípánà sì fi ara kan irin katakata, iná yóò ṣẹ́ yọ lójijì, ó lè jó ọwọ́, ó sì lè mú kí bátìrì bẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà ní oṣù kẹta, àròpọ̀ ni yóò ṣáájú, àyọkúrò ni yóò kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà mọ èyí sórí.

Ẹ ó rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bíi ìpẹtà lórí ibi tí wáyà gbé so mọ́ ọn. Kò sí ohun tí a ní láti rà láti fi fọ̀ ọ́. Ẹ po káún díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ̀ ọ́. Yóò hó, nítorí pé káún a máa pa agbára ásíìdì. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìdérí bátìrì wà ní dídé pinpin, nítorí pé bí omi káún bá kán sínú rẹ̀, ásíìdì tí bátìrì fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ni yóò pa. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ara rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ.

Ibi tí a ó gbé e sí gbọ́dọ̀ tutù, kí ó gbẹ, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọ ibẹ̀. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe iyàrá tí ènìyàn ń sùn, kì í sì í ṣe ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Àwọn dẹ́rẹ́bà àgbà a máa sọ pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń fa iná inú bátìrì mu. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí láyé àtijọ́, nígbà tí àpótí bátìrì kì í ṣe ike, tí ọ̀rinrin sì lè mú kí iná jò láti ara rẹ̀. Ike líle ni ti òde òní, sìmẹ́ńtì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi pákó sí abẹ́ rẹ̀, bí ó bá dá a lójú pé ikán kò ní tìtorí pákó náà wọ ilé.

ṢÍṢÁÀJÌ LÓṢOOṢÙ

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìwé yìí nìyí. Kí bátìrì kún kí ó tó lọ sinmi, kí a sì máa ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí di ọjọ́ tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò ju ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Owó tí rẹ́wáyà yóò gbà fún gbogbo rẹ̀ kò sún mọ́ owó bátìrì tuntun rárá.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ lè mọ ipò bátìrì fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi di ọjọ́ kejì lẹ́yìn ṣíṣáàjì, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí mítà bá ka fóòtì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó kún. Bí ó bá ka 12.4, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó kù, ẹ má ṣe dúró pẹ́ mọ́ kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀. Ní 12.2, ìdajì ni ó kù, ohun funfun nì sì ti ń lẹ̀ mọ́ àwo. Bí ó bá ti dé 12 tàbí kí ó relẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí rẹ́wáyà kánjú. Bátìrì kì í gba iná bí àgbá ṣe ń gba omi. Fún bátìrì tí a kọ 100Ah sí lára, iná tí kò ju ámípíà 10 lọ ni ó tọ́ sí i, yóò sì tó wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá bí ó bá ti gbẹ. Ẹni tí ó fi iná ńlá sí i fún wákàtí méjì tí ó ní ó ti kún, sísè ni ó sè é. Ó sàn kí bátìrì sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí bátìrì yín bá jẹ́ èyí tí a ń ṣí, ẹ wo omi inú rẹ̀. Bí orí àwo bá ti yọ síta, ẹ kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ kí ó kàn bò wọ́n, ẹ ṣáàjì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bu ú dé ojú àmì, nítorí pé omi náà a máa wú nígbà tí a bá ń ṣáàjì. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike ni kí ẹ lò. Omi kànga, omi odò Ọbà, omi inú ọ̀rá, àti omi òjò tí ó ti orí páànù sọ̀ kalẹ̀ kò dára fún un. Iyọ̀ àti ìpẹtà wà nínú wọn tí ojú kò lè rí. Ẹ má sì ṣe bu ásíìdì kún un. Omi nìkan ni ó ń gbẹ kúrò nínú bátìrì. Ásíìdì kì í gbẹ.

Ẹ fi ìkìlọ̀ yìí sọ́kàn: nígbà tí a bá ń ṣáàjì bátìrì, ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní òórùn, ṣùgbọ́n tí ń gbiná bí ẹ̀tù. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, àtùpà tàbí ìṣáná nítòsí, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Bí ásíìdì bá ta sí ojú ènìyàn, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀ láìdáwọ́dúró, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe kán ohunkóhun mìíràn sí i.

Ní àwọn abà tí iná ìjọba kò dé, páànẹ́lì oòrùn kékeré lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni oòrùn pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkóso iná rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá so páànẹ́lì mọ́ bátìrì lásán, yóò sè é gbẹ ni.

Àṣà kan wà tí a fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa lọ yí kọ́kọ́rọ́ katakata ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọn yóò jẹ́ kí ó dún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn yóò sì pa á, wọ́n rò pé àwọn tọ́jú rẹ̀. Iná tí ó fi dìde pọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti dá a padà. Ẹ́ńjìnnì náà kò sì gbóná tó láti lé ọ̀rinrin inú ọ́ìlì jáde. Bí ẹ bá máa tan án, ẹ wà á kiri fún ìdajì wákàtí ó kéré tán títí yóò fi gbóná dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi.

Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bójú tó bátìrì, kí ó sì ní ìwé tí yóò máa kọ ọjọ́ tí a ṣáàjì rẹ̀ àti ohun tí mítà kà sí. Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kankan. Kí ẹ̀yin olóyè sì yọ owó ṣáàjì oṣù márùn-ún sọ́tọ̀ nínú owó tí katakata pa ní oṣù kẹsàn-án, kí a tó pín èrè.

ARA KATAKATA FÚNRA RẸ̀

Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí ó tó sinmi, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá jí. Ọ́ìlì tí a ti lò ní ohun kíkan nínú tí ń jẹ irin, kò sì yẹ kí ó jókòó sínú ẹ́ńjìnnì fún oṣù márùn-ún. Ẹ rọ epo dísù kún táńkì dé ẹnu. Bí àyè bá ṣófo nínú táńkì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò máa gbóná lọ́sàn-án, yóò máa tutù ní òru ọyẹ́, omi yóò sì máa ṣẹ́ sínú rẹ̀ bí ìrì. Omi yìí ni ó ń ba pọ́ǹpù àti nọ́sù jẹ́.

Ẹ fi gírísì sí gbogbo ibi tí ó ní ẹnu gírísì. Àwo ìtúlẹ̀ tí ń dán yinrin yìí, ẹ fi gírísì tàbí ọ́ìlì kùn ún lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u, nítorí pé òru kan ṣoṣo tó fún un láti dípẹtà. Ẹ fi agolo dé ẹnu èéfín kí eku má bàa tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Eku fẹ́ràn wáyà pẹ̀lú; ẹ má ṣe da àgbàdo tàbí ẹ̀pà sí ilé katakata.

Kílọ́ọ̀ṣì a máa lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀rọ bá dúró pẹ́. Ẹ fi igi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tún lò ó. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí igi líle ti abẹ́ rẹ̀ kí ìwúwo má wà lórí táyà, kí oòrùn má sì pa táyà náà. Ẹ ro gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ títí dé ilẹ̀, kí iná ìgbẹ́ oṣù kìíní má bàa bá a níbẹ̀. Tapólì dára ju igi máńgòrò lọ, ṣùgbọ́n òrùlé páànù lórí òpó mẹ́rin ni ó dára jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìfúnkò àgbékọ́yìn tí ń lo bátìrì, bátìrì inú rẹ̀ kéré, kò sì ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ẹ fọ oògùn kúrò nínú rẹ̀, ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún, ẹ tún máa ṣáàjì rẹ̀ lóṣooṣù. Ti pọ́ǹpù omi tí ń lo bẹntiróòlù yàtọ̀: òjò ni àkókò ìsinmi tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fa gbogbo epo inú táńkì àti inú kabúrétọ̀ rẹ̀ gbẹ, nítorí pé bẹntiróòlù a máa di ohun lílẹ̀ tí ń dí ihò kékeré bí ó bá pẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÒJÒ BÁ FẸ́ DÉ

Ní ìparí oṣù kejì, ẹ má ṣe dúró de òjò. Ẹ ṣáàjì bátìrì kún, ẹ jẹ́ kí ó sùn, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Bí kò bá lè dúró ní 12.4 lẹ́yìn tí ó ti kún, rẹ́wáyà ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣì wà láti fi wá owó òmíràn. Bí ó bá dára, ẹ dá a padà, ẹ fi fasilíìnì pa orí rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti so wáyà mọ́ ọn pinpin. Ẹ yọ agolo ẹnu èéfín, ẹ yọ igi kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ọ́ìlì àti omi radiétọ̀, ẹ fọn táyà, ẹ tú omi tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ asẹ́ epo dànù, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Bátìrì tí ó bá ti kú pátápátá, ẹ má ṣe fọ́ ọ nínú ọgbà nítorí òjé inú rẹ̀, ẹ má sì ṣe da ásíìdì rẹ̀ sí ìdí kànga. Májèlé ni òjé jẹ́ fún ọmọdé ju fún àgbàlagbà lọ. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni ó kú nítorí òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú ilé. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ń ta tuntun fún yín ní odidi. Yóò yọ díẹ̀ fún yín nínú owó tuntun náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé yín, ẹ wá bi àwọn òṣìṣẹ́ OSSADEP ní Ìwó níhìn-ín, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n bátìrì sí dání bí ẹ bá ń bọ̀.